Orúkọ Yorùbá fún Rúkèrúdò Ojú Òfurufú tó ń Da GPS Láàmú

Ayónósífíà ni apá òfurufú tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 60 kìlómítà sókè, tó sì nà dé nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ìtànṣán oòrùn a máa já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára átọ́mù ibẹ̀. Nítorí náà, "ìpele oníná" yẹ ẹ́ lórúkọ, bí a bá ti mọ̀ pé iná mànàmáná là ń wí, kì í ṣe iná ìdáná. Nǹkan bí 20,200 kìlómítà ni sátẹ́láìtì GPS wà sókè. Gbogbo àmì rédíò tó bá ń fi ránṣẹ́ sí Àbújá ní láti gba inú ìpele yìí kọjá.

Bí àmì ṣe ń kọjá, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a dá a dúró díẹ̀. Ìfàsẹ́yìn nìyẹn. Ẹ̀rọ ọwọ́ awọnlẹ̀ á wá gbà pé sátẹ́láìtì jìnnà ju bó ṣe jìnnà lọ. Ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì méjì, 1575.42 àti 1227.60 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, lè fi wọ́n wéra kó sì yọ ọ̀pọ̀ jù lọ àṣìṣe náà. Rúkèrúdò ló le jù, ìyẹn ni kí iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa yí padà lójijì. Ohun mẹ́ta gbòógì ló ń fà á.

Èkíní ni ìbúgbàmù ojú oòrùn. Ìtànṣán rẹ̀ ń dé ayé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ nìkan ló sì ń kàn.

Èkejì ni ìjì òòfà ayé. Oòrùn a máa tu afẹ́fẹ́ oníná jáde, èyí tó sábà máa ń rin ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó kọlu òòfà tó yí ayé ká. Ti May 2024 ni ó lágbára jù láti 2003. A kò gbọdọ̀ gé orúkọ yìí kù sí "ìjì" lásán, torí atẹ́gùn àti òjò ni yóò wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni tiwa gan-an. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba Nàìjíríà kọjá, kò sì jìnnà sí Àbújá. Bí oòrùn bá wọ̀, ìsàlẹ̀ ìpele oníná a tètè pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, òkè á sì kún síbẹ̀. Bí epo tó wà lábẹ́ omi ṣe máa ń wá ojú omi, bẹ́ẹ̀ ni apá tó fúyẹ́ ṣe ń já gba inú èyí tó wúwo gòkè. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, yóò gbé wa lọ sí ìhó, bíi ti ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ṣọ̀wọ́n ni. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ihò ló yẹ ká pè é, "ihò ìpele oníná".

Àmì tó bá gba etí ihò yìí kọjá a máa lágbára, a sì tún máa rẹ̀yìn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣíṣẹ́jú ìràwọ̀ ló jọ, àmọ́ "ìṣẹ́jú" ti di orúkọ àkókò. "Ìgbọ̀nrìrì àmì" kò ní dojú rú. Láti ìrọ̀lẹ́ dé ọ̀gànjọ́ ló wọ́pọ̀, pàápàá ní March sí April àti September sí October, ní àwọn ọdún tí àbààwọ́n ojú oòrùn bá pọ̀, èyí tó ń yípo ní nǹkan bí ọdún 11. Ẹ̀rọ NIGNET, ìyẹn ẹ̀rọ agbàmì sátẹ́láìtì tí Ọ́fíìsì Olórí Awọnlẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní Àbújá láti máa gba àmì tọ̀sán-tòru, wà lára ohun tí irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ lè ṣe ní jàǹbá. Bí àmì bá gbọ̀n jù, ẹ̀rọ á já sátẹ́láìtì náà sílẹ̀. Bí èyí tó kù kò bá sì pé 4, kò lè sọ ibi tó wà mọ́.

Ní Lugbe ni NASRDA, àjọ ìwádìí òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999, fìdí kalẹ̀ sí. Ní Sheda ni NERDC wà, àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ tó ti tẹ ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde. Àbújá kan náà ni wọ́n jọ wà. Kí àwọn tó mọ òfurufú àti àwọn tó mọ èdè jókòó pọ̀, kí wọ́n yẹ irú orúkọ báwọ̀nyí wò, kí èyí tó bá dúró wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́.