Òjé Ère Ọba Tí Ó Di Ọta Ìbọn

Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀gbà òjé Ọbàtálá sọ́wọ́ a máa bi wá pé báwo ni àwọn ṣe lè mọ̀ bóyá òjé tí wọ́n tà fún àwọn jẹ́ ògidì. (Òjé ni a ń wí o, kì í ṣe ọ̀jẹ̀ ti eégún.) Ìbéèrè àtijọ́ ni. Àwọn tí ń rọ ọta ìbọn ti ń bi ara wọn léèrè rẹ̀ tipẹ́, nítorí òjé tí iná bá ti yọ́ kì í fi ojú ara rẹ̀ hàn mọ́: ìbáà ṣe àwo, ìbáà ṣe òrùlé, ìbáà ṣe ère ọba ni tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di omi dídán kan náà.

Ti ère ọba yìí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń gbé. Ní ọdún 1770 ni wọ́n gbé ère George Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀ lórí ẹṣin ní Bowling Green, New York. Òjé ni, wọ́n fi wúrà bò ó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1776, lẹ́yìn tí wọ́n ka Ìkéde Òmìnira sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun Washington, àwọn èrò fa ère náà lulẹ̀, wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́. Wọ́n kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ilé Oliver Wolcott ní Litchfield, Connecticut. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó ti iná níbẹ̀, Wolcott sì kọ iye tí oníkálukú rọ sílẹ̀. Ọta 42,088 ni gbogbo rẹ̀. Ruth Marvin nìkan rọ 11,592. Mary Ann ti ilé Wolcott rọ 10,790, Laura rọ 8,378, Frederick kékeré náà rọ 936. A fẹ́ràn ìwé ìṣirò yìí ju orúkọ àwọn ọ̀gágun lọ.

Ọwọ́ àti etí ni wọ́n fi ń mọ òjé láyé ìgbà náà. Ògidì rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná fi ń ha á. Bí a bá fà á lórí bébà, á fi ìlà eérú sílẹ̀. Bí a bá jù ú sórí òkúta, ìró rẹ̀ á kú. Tíìnì tàbí ántímónì tí a bá pò mọ́ ọn ni í sọ ọ́ di líle, tí ìró rẹ̀ á sì mọ́ gaara. (Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní ántímónì, òkúta òjé ni púpọ̀ nínú rẹ̀.) Èyí tí ó rọ̀ ni ìbọn ìgbà náà ń fẹ́, àmọ́ ère ńlá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ tíìnì kí ó má baà tẹ̀ lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀.

Àdàlú yìí ni ó wá di ẹ̀rí. Ní Monmouth, New Jersey, níbi tí ogun ti wáyé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1778, àwọn awalẹ̀pìtàn wú ọta jáde nínú ilẹ̀. Wọ́n fi ìtànṣán X yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n fi wọ́n wé àfọ́kù ère náà tí ó ṣẹ́kù, wọ́n sì rí díẹ̀ tí àdàlú wọn bá tirẹ̀ mu.

Ní tiwa, ara òrùlé àtijọ́, lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé àti òjé ara rímù mọ́tò ni èyí tí à ń rí rà sábà ti ń wá. Lẹ́tà ìtẹ̀wé kún fún ántímónì. Ti rímù ti ń di síńkì, tí kì í yọ́ àfi bí iná bá tó 420°C, nígbà tí òjé ń yọ́ ní 327°C. Èyí tí ó bá léfòó láìyọ́, alágbẹ̀dẹ wa á yọ ọ́ dànù. Ìta gbangba ni ó ti ń ṣe é. Ti bátìrì ni a kì í gbà rárá, ìbáà rọ̀, ìbáà le: ásíìdì wà lára rẹ̀, eruku òjé rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ti eruku yìí fún Frederick kékeré.