Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ẹnu Ọ̀nà Sẹ́ẹ̀lì àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ará Igbó-Elérin tó ń lọ sí Alaba International kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí títì Badagry bá dí ní Okokomaiko, yóò wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà. Rélùwéè tí wọ́n ní yóò dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Mile 2 ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, parí sí. Ohun tí òwe náà fi sílẹ̀ láìsọ ni pé ẹrù kì í dá rìn wọ ọjà. Alábàárù ló ń rù ú.

Sẹ́ẹ̀lì ara wa náà ní alábàárù. Yàrá kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nucleus. Ibẹ̀ ni àwọn jíìnì ń gbé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí oríṣi purotéènì 30 ló sì para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun kékeré lè yọ́ wọlé. Purotéènì ńlá gbọ́dọ̀ ní àmì lára, kí importin tó gbà láti rù ú wọlé. Exportin ló ń ru èyí tó ń jáde. Importin alpha nìkan, jíìnì 7 ni ènìyàn ní fún un, ẹrù tí wọ́n fẹ́ràn kò sì dọ́gba.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yára ṣe ọṣẹ́, àwọn kan kọ̀, wọn ò dàgbà. Wọ́n kàn ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń gba ààyè mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 1977, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbà lára aláìsàn kan, HL-60 lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń sìn ín nínú ìgò títí dòní. Ní 1980, Theodore Breitman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta retinoic acid, ìbátan Vitamin A, sí i. Ó dẹ́kun pípọ̀, ó sì dàgbà.

Jíìnì rẹ̀ ò yí padà. Èyí tó ń lò nínú wọn ló yí. Jíìnì àwọn alábàárù wà lára èyí tí ìyípadà ń kàn. Importin alpha kan, KPNA2, máa ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lemọ́lemọ́, ó sì máa ń dínkù nínú èyí tó ti fara balẹ̀. Bí alábàárù bá sì dínkù, àwọn purotéènì tó ń gbé àṣẹ fún jíìnì, tó yẹ kó rù wọlé, lè pẹ́ níta. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá ka jíìnì láìka àwọn tó ń ru àṣẹ lọ bá wọn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Òwe wa ṣẹ ní Shanghai. Oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé nígbà náà. Dókítà Wang Zhenyi gba ọ̀nà mìíràn: ó ní òun yóò mú un dàgbà. Ìròyìn tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1988 sọ pé aláìsàn 24 tó ní acute promyelocytic leukemia, oríṣi kan lára jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yára ṣe ọṣẹ́, lo retinoic acid, àmì àrùn sì kúrò lára gbogbo wọn. Ẹnì kan péré ló nílò oògùn mìíràn kún un.

Nílé wa ńbí, láti 2003 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń rọra rìn, CML, ní oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́. BCR-ABL ni purotéènì tó ń fa àrùn yìí. Ìta nucleus ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó má kùú. Ní 2001, àwọn onímọ̀ méjì, Paolo Vigneri àti Jean Wang, fi Glivec mú un rọ̀ kó lè wọlé, wọ́n sì fi kẹ́míkà leptomycin B di exportin lọ́wọ́ kó má lè jáde mọ́. Nígbà tí wọ́n tún jẹ́ kí agbára rẹ̀ padà, sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bò tẹ́lẹ̀ gan-an ló pa. Inú ìgò ni wọ́n ti rí èyí, kò tíì di oògùn tí dókítà ń kọ.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́ àti Ìbá, bí ìhà òsì ikùn bá ń wú, tí ara ń rù, tí òógùn ń bo ènìyàn lóru, ó lè jẹ́ àmì CML, ẹ má fi agbo ibà nìkan tì í. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ka iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì ṣe é láìpẹ́.