Ẹnu Tuntun Lórí Èèkù Àtijọ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1913, dókítà eyín kan nílùú Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, palẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin sí mọ́, ó sì sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́. Alfred Fones lorúkọ rẹ̀. Obìnrin ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó dókítà eyín pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ kọ́ wọn ni bí wọn yóò ṣe máa ha ẹ̀gbin kúrò lára eyín kí àìsàn tó wọ erìgì, àti bí wọn yóò ṣe máa kọ́ aláìsàn láti tọ́jú ẹnu ara rẹ̀. Láti ọdún 1906 ló ti kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà kọ́ ìbátan rẹ̀, Irene Newman, tó ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 1914, àwọn 27 ti parí ẹ̀kọ́, àwọn aláṣẹ ilé ìwé Bridgeport sì gba àwọn kan nínú wọn láti máa tọ́jú eyín ọmọ ilé ìwé. Newman gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ní 1917, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé náà tẹ̀ lọ́wọ́.

Ìtàn yìí kì í ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ìtàn irin tó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ irin gan-an ni iṣẹ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi ń dán eyín: èèkù irin ni, wọ́n á ki igi ọsàn tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi igi náà tọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta pọ́mísì, wọ́n á sì máa fi ra eyín. Wọ́n á sọ igi nù, èèkù á wà títí. Irin ìhayín kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí pé ẹnu rẹ̀ ni owó rẹ̀ wà. Bí a ó ṣe dá ẹnu náà sí, bí a ó ṣe pààrọ̀ rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Fones ni.

Abu al-Qasim al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ tó gbé nítòsí Córdoba tó sì kú ní 1013, ya àwòrán irin ìhayín 14 sínú ìwé ìṣègùn ńlá rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé irin tí a fi ń ha ẹ̀yìn eyín kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a fi ń ha iwájú. Ní ọ̀rúndún 12 ni wọ́n túmọ̀ iṣẹ́ abẹ inú ìwé náà sí èdè Látìn, àwọn oníṣègùn Yúróòpù sì kà á pẹ́. Pierre Fauchard, tó gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní Paris ní 1728, kò to ju irin 5 lọ: ọ̀kan tẹ̀ bí àgógó ayékòótọ́, òmíràn ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ bíi lẹ́tà Z.

Nílùú Hartford, ní Connecticut kan náà, John Riggs (1811–1885) ki irin rẹ̀ bọ abẹ́ erìgì, ó ń ha gbòǹgbò eyín níbi tí àwọn mìíràn ti ń gé erìgì sọnù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé ibi tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn erìgì tó ń tú ọyún. Abẹ́ erìgì yìí ló sọ ọ̀rọ̀ ẹnu irin di ńlá. Ojú kò ríbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá gbọ́ láti ara irin ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ̀.

Èèkù irin ayé ìgbà náà dára púpọ̀ láti wò. Òmíràn jẹ́ eyín erin, òmíràn igi dúdú líle, òmíràn ìkarahun tó ń dán. Àwọn oníṣòwò tún ń ta oríṣi kan tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń yí ẹnu rẹ̀ wọ inú èèkù bíi bóòtù. Bí ẹnu bá jẹ tán, wọ́n á yí i kúrò, wọ́n á yí òmíràn sí i. Dígí kékeré tí dókítà fi ń wo ẹ̀yìn eyín ṣì ń lo ọgbọ́n yẹn títí dòní.

Ìbẹ̀rù kòkòrò àìsàn ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Charles Chamberland, ẹlẹgbẹ́ Pasteur, ṣe ìkòkò tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò ní 1879. Eyín erin a máa là nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, igi a sì máa wú. Ojú oríkèé tí ẹnu ti wọ èèkù sì tún jẹ́ kọ̀rọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ lè sá pamọ́ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni èèkù náà di irin. Ìyọnu kan ṣẹ́kù: irin oníkábọ́ọ̀nù mú, kì í sì í tètè kúnu, àmọ́ bí wọ́n bá ń sè é lemọ́lemọ́, ó ń dípẹtà. Ọdún 1913 kan náà tí Fones ṣí ilé ẹ̀kọ́ ni Harry Brearley yọ́ irin tí kì í dípẹtà nílùú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn èyí, irin ìhayín di púpọ̀. Clayton Gracey ti Yunifásítì Michigan bá Hugo Friedman, tó dá ilé-iṣẹ́ Hu-Friedy sílẹ̀ ní Chicago ní 1908, ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àwọn ọdún 1930. Irin 14 ló ti inú rẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú apá eyín tó wà fún. Ẹnu irin Gracey dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní dígírì 70 sí ọrùn rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa ha, kí èkejì má ṣe erìgì léṣe. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá pọ́n irú irin bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ ilé ìdáná ti bà á jẹ́.

Pípọ́n ni ọkàn iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Òkúta tí àwọn òṣìṣẹ́ eyín mọ̀ jù láyé àtijọ́ ti òkè Ouachita wá, nítòsí Hot Springs ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Òkúta kan náà ni àwọn onílẹ̀, kí òyìnbó tó dé rárá, ń wà láti fi ṣe orí ọ̀kọ̀ àti ọfà. Wọ́n á kán òróró sí i, wọ́n á di irin mú ṣinṣin, wọ́n á sì máa fi òkúta gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sókè sódò, kí igun tó wà láàárín ojú irin àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má kúrò ní nǹkan bíi dígírì 70 sí 80. Bí igun náà bá ṣí jù, irin kò ní lè ha nǹkan kan. Bó bá sì pa dé jù, ẹnu rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á tètè kú. Láti dá a mọ̀, wọ́n á gbé irin sábẹ́ iná. Ẹnu tó ti kú ní ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, ìlà funfun tín-ín-rín á hàn lórí rẹ̀. Ẹnu tó mú kì í fi nǹkan kan hàn.

Kí ni irin tó kúnu ń ṣe nínú ẹnu èèyàn? Kì í ṣí ẹ̀gbin tó ti le bí òkúta kúrò, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá, tó ń dán an mọ́ gbòǹgbò eyín. Bó bá ti dán tán, ó ṣòro kí ọwọ́ tún tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á wá máa fi agbára tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á ro ó, aláìsàn á jẹ̀rora, àìsàn á sì wà níbi tó wà. Ìdí rèé tí ẹni tó kọ̀wé yìí fi gbà pé òkúta ìpọ́nrin ṣe pàtàkì nínú yàrá ìtọ́jú eyín bí iná àti omi.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pọ́n irin ni díẹ̀ ń lọ lára rẹ̀. Ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹnu náà yóò fẹ́lẹ́ débi pé ó lè kán sábẹ́ erìgì. Bó bá kán, wọ́n á ní kí aláìsàn má ṣe gbé itọ́ mì, wọ́n á wá a, bí wọn kò bá rí i, wọ́n á ya fọ́tò X-ray. Irin tó ti dé ipò yẹn kò yẹ fún pípọ́n mọ́. Èèkù rẹ̀ ńkọ́? Ó lè má ní àléébù kankan.

Ibí ni àṣà ìfẹ́nutuntunsí ti wọlé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi í ṣe iṣẹ́ jẹun: ilé ìtọ́jú eyín á se irin kó mọ́, á fi í ránṣẹ́ nínú àpótí, oníṣẹ́ ọwọ́ á fa ẹnu àtijọ́ yọ ní ìhà méjèèjì, á yẹ èèkù wò, á fi ẹnu tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà wọ̀ ọ́, á sì dá a padà. Owó rẹ̀ máa ń kéré sí ti tuntun. Alágbẹ̀dẹ tó ń lẹ irin tuntun mọ́ ẹnu ọkọ́ tó ti jẹ kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó pe àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ lọ bá a ní ahun.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irin tuntun kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ kan ẹnu irin, àwọn kò dúró fún un mọ́. Wọ́n ní èèkù tí wọ́n fa ẹnu yọ lára rẹ̀ lè là, omi á wọ inú rẹ̀, ẹnu tuntun sì lè yẹ̀ tàbí kó bọ́ sẹ́nu aláìsàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ní ọjà tí wọ́n ń tà. Síbẹ̀, ẹ̀rù tí wọ́n ń dá bani kì í ṣe àròsọ, torí ojú oríkèé tí Chamberland mú kó pòórá ni àtúnṣe tún ń ṣí sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Bí èèkù bá yè kooro, tí ẹnu tuntun jókòó dáadáa, tí irin rẹ̀ le tó ti àkọ́kọ́, kò sídìí láti jù ú nù. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́ta yìí, tuntun ló yẹ kí wọ́n rà.

Lóde òní, wọ́n tún ti gbé òmíràn dé, irin tí wọ́n fi titanium nitride bò, tó ń dán bíi wúrà. Wọn kì í pọ́n ọn, torí òkúta á họ ìbòrí náà dànù. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, ó parí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe irin ìhayín ti ń gba ògbólógbòó padà lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n lè yọ́ ọ. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń fi òkúta, iná àti dígírì 70 sí 80 kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, torí pé irin tó ń fẹ́ pípọ́n ló ṣì pọ̀ nínú àpótí wọn.