Awò Ojú àti Oríkì Òkukù

Ní ọdún 1935, Stanley Weinbaum, ará Amẹ́ríkà, kọ ìtàn nípa awò ojú àrà kan. Ẹni tó bá gbé e wọ̀ yóò bọ́ sínú igbó àjèjì, yóò máa gbóòórùn òdòdó ibẹ̀, ará ibẹ̀ yóò sì máa dá a lóhùn.

Ní 2011, Ernest Cline gbé irú rẹ̀ jáde nínú Ready Player One. Ọdún 2045 ni, ayé ti le koko, àwọn ènìyàn sì ń sá wọ inú ayé tó wà nínú awò. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Orin, fíìmù àti géèmù ayé ọdún 1980, torí pé ìgbà èwe ẹni tó dá a sílẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́rọ̀ kan fi ìgbà èwe tirẹ̀ ṣe ayé fún gbogbo ènìyàn!

Oríkì ló sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìdílé kan ní Òkukù sọ pé Kọ̀ọ̀kin ni àwọn ti ṣẹ̀, ìlú tí ogun Ìjẹ̀ṣà fọ́ láyé àtijọ́. Nígbà ogun Jálumi, ní 1878, Òkukù náà tú. (Àwọn tó ń sá lójú ogun náà já lu omi Odò Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni orúkọ ogun ti wá.) Àwọn ará Òkukù sá lọ sí Ìkirun, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ogun Kírìjí fi parí ní 1893. Lónìí, ọkọ̀ tó bá gba Ìnísà kọjá kì í pẹ́ débẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣe àlejò. Ẹ wo ẹni tó ń gbọ́ oríkì Kọ̀ọ̀kin ní Ìkirun nígbà náà, tí Òkukù tó fi sílẹ̀ sì ń di igbó. Ìlú méjì ló ń ṣàárò, kò sì fojú rí ọ̀kan rí.

Karin Barber, ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Òkukù láàrin ọdún 1970 sí 1980, tẹ ìwé jáde lórí oríkì ibẹ̀ ní 1991. Ó ní àwọn obìnrin ló mọ̀ ọ́n jù. Bí wọ́n bá ń kì ọ́, orí rẹ á wú, o ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di baba ńlá rẹ. Ṣùgbọ́n oríkì kì í yan adùn nìkan: ogun wà níbẹ̀, ìtìjú ìdílé pàápàá wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ẹ ju ayé Cline lọ nítorí èyí.

Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ á kọ́ rárà ìyàwó lẹ́nu àwọn àgbà. Díjéè ló pọ̀ lóde ìgbéyàwó báyìí.

Awò ojú náà ti wà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Kọ̀ọ̀kin sínú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá ìyá àgbà kan lọ sí Òkukù, bí ìyá náà bá ṣì wà. Kò ní bá àwòrán ilé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni yóò gbà.