Bí Òfin Ìkọ̀wé Bá Yí Padà, Ta Ni Yóò Ka Ìwé Ìyá Wa?



Ní oṣù tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan gbé Bíbélì ìyá-ìyá rẹ̀ wá sí ilé-ìwé. Ó ṣí i, ó fajú ro, ó ní: «Ọ̀gá, ẹni tó kọ ìwé yìí kò mọ Yorùbá kọ.» Ó ti rí «aiye», ó ti rí «enia», ó ti rí «nwọn». Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ìwé náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Òfin ìkọ̀wé ló yí padà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó, wọ́n fẹnu kò lórí ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀. Ní 1884, odindi Bíbélì parí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu fúnra rẹ̀ ti dahoro nígbà náà, nítorí ogun Dàhòmì ti fọ́ ọ ní 1886.

Láti ìgbà náà, olúkúlùkù ń ṣe òfin tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ìkọ̀wé ní 1966, òfin tuntun sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1974: «aiye» di «ayé», «enia» di «ènìyàn», «nwọn» di «wọ́n». Ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó mọ tuntun ṣì lè ka àtijọ́ bó bá fara balẹ̀.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1975, ìjọba tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè. Wọ́n tún un ṣe ní 1990. Níbẹ̀, ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh, p di kp. Ìdí rẹ̀ dára: ọmọ tó bá kọ́ ti Yorùbá lè fi lẹ́tà kan náà ka Fọ̀n. Nítorí náà, èmi kò sí lára àwọn tó ní ká dà á nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé a yí òfin padà láì fi afárá sílẹ̀ sí ìwé àtijọ́.

Èmi tí mò ń kọ́ni ní ìṣirò, mo rí bí àwọn mìíràn ṣe ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1984, Thierry Coquand àti Gérard Huet bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan ní Faransé, tó ń yẹ ẹ̀rí ìṣirò wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Coq ni wọ́n pè é, ìyẹn àkùkọ. Ní 2025 ó di Rocq. Àṣẹ kéékèèké ni èèyàn fi ń darí rẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní tactic. Òun ni Georges Gonthier lò láti parí ẹ̀rí ńlá lórí àwọ̀ mẹ́rin tó tó kun máàpù èyíkéyìí, ní 2005. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gùn. Bí àṣẹ kan bá sọnù tàbí tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn, ohun tó tẹ̀ lé e á wó, bẹ́ẹ̀ ìṣirò náà kò lábùkù. Bíi Bíbélì ìyá àgbà gẹ́lẹ́.

Àṣẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ omega. Nígbà tí lia tó lágbára jù ú lọ dé, wọn kò ju omega nù lọ́jọ́ kan. Ní 2020, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá pè é: èyí ń lọ, ẹ lo lia. Ní 2021 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Wọ́n kìlọ̀, wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì sọ èyí tó rọ́pò èyí.

Èyí kò kọjá agbára wa. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: ɛ ni ẹ, ɔ ni ọ, sh ni ṣ, kp ni p; ɔkpɛ́ ni ọpẹ́, ɛshin ni ẹṣin. Mo kọ «aiye» sẹ́gbẹ̀ẹ́ «ayé», «nwọn» sẹ́gbẹ̀ẹ́ «wọ́n». Kò tó wákàtí kan. Ọmọ náà tún gbé Bíbélì, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń kọsẹ̀, ó ń tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sun ìwé orin, lẹ́tà àti Bíbélì àwọn àgbà nítorí pé ìkọ̀wé wọn yàtọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkọ̀wé tiwa, kí ẹ sì fi ti òdìkejì àti ti àtijọ́ hàn wọ́n. Lẹ́tà Nàìjíríà ni mo fi kọ èyí kí ará Ìmẹ̀kọ lè kà á. Ẹ̀yin ọmọ Kétu tó kà á dé ibí, ṣé ó nira fún yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́.