Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ìwo

Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù Òkúdù, ọdún 2024. Ọjọ́ Àráfà. Àdúgbò Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.

Aago 2:10 ọ̀sán. Àgbò funfun kan wà ní ìdí èèkàn lẹ́yìn ilé. Dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká. Ìwo rẹ̀ ká kọjá etí, ó sì tún yọ síwájú. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan da èèpo iṣu sínú bàsíà tó ti là létí. Àgbò náà ń jẹ ẹ́, ó ń gbọn etí. Láti oṣù Èrèlé ni ọmọ yìí ti ń bọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ rà á ní 110,000 náírà nígbà náà, kí ọjà tó gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní láti mú ìlọ́po méjì owó yẹn dání. Ní àkókò yẹn, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà jẹ́ 30,000 náírà.

Aago 2:45. Bàbá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó gba ààwẹ̀ Àráfà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta, iwájú, ẹ̀yìn, kò kánjú. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀bẹ wò. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó da omi díẹ̀ sórí òkúta, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Má tú ẹran yẹn o."

"Mo ti gbọ́, sà."

Aago 3:30. Àwọn ọmọ márùn-ún pagbo yí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan ká níwájú ilé. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Akọ màlúù dúdú kan ń sáré nínú pápá ní Spain. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ọ̀nà sí dúró dè é, ó na aṣọ pupa sí i. Àwọn ọmọ náà ti wo irú rẹ̀ rí. Idà ló máa ń parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò parí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó jókòó sókè na aṣọ ìnujú aláwọ̀ ọsàn jáde. Àwọn èèyàn hó yèè. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, màlúù sì gba ibẹ̀ wọlé lọ, láàyè.

"Kí ló dé tí wọn ò pa á?"

"Ó mọ ìjà jà ni. Wọ́n dá a sí."

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìnlá náà gba fóònù, ó tún un wò.

Fóònù gbé òmíràn jáde fúnra rẹ̀. Àwòrán àtijọ́ ni, funfun àti dúdú. Ìlú Linares, ọjọ́ 28 oṣù Ògún, ọdún 1947. Manolete, ẹni ọgbọ̀n ọdún, gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń bá màlúù jà ní Spain. Islero ni orúkọ màlúù náà. Bí ó ṣe ń ti idà bọ màlúù lára, bẹ́ẹ̀ ni màlúù fi ìwo gún un ní itan ọ̀tún. Màlúù kú lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ọkùnrin náà fi kú. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ náà kò bèèrè ohunkóhun nípa èyí.

Aago 4:20. Àwọn bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí fún ìrun ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà tú okùn lára èèkàn. Ó wo ẹ̀yìn, ó fa àgbò gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó jáde sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgbò dúdú kan ti wà níbẹ̀. Ará ilé kejì ló ni ín. Àyà rẹ̀ gbòòrò. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan funfun dé orúnkún. Ní Èkó, irú ìjà yìí ní ẹgbẹ́ àti adájọ́, ó sì ní ẹ̀bùn. Níbí, ọmọ kan fi gìgísẹ̀ fa ìlà sórí iyanrìn, ó tán.

Aago 4:32. Wọ́n tú okùn. Àgbò méjèèjì kọ́kọ́ wo ara wọn. Wọ́n rọra ń fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, orí wọn kò yí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn lọ mú wá. Pápá dákẹ́. Wọ́n sáré pàdé. Ìró rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀kọ lójú títì.

Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Eruku bò wọ́n dé itan. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn funfun yẹ̀, ó gbé e padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, itọ́ ń ṣe yọ̀ọ̀ lẹ́nu dúdú. Ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá, funfun yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ìró ti èyí kéré sí ti ìyókù. Ó dún kẹ́. Funfun dúró. Ó gbọn orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kẹ̀yìn, ó rìn lọ sí ìdí ògiri ilé ẹ̀kọ́.

"Ó ti sá! Ó ti sá!"

Wọ́n dì mọ́ dúdú. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń kọrin yí i ká. Ó dúró láàrin wọn, ikùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Aago 4:41. Ọmọ náà dé ìdí ògiri. Ní ìdí ìwo ọ̀tún, níbi tí irun ti pàdé ìwo, ìlà pupa tín-ín-rín kan yọ. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Ó tún yọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn yòókù wà lọ́dọ̀ dúdú.

Aago 5:05. Àgbò ti padà sí ìdí èèkàn. Ọmọ náà ta okùn ní kókó bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ta á. Ó yọ́ wọ yàrá ìyá àgbà, ó bu òrí nínú agolo, ó fi kun ìdí ìwo. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Aago 7:00 alẹ́. Oòrùn wọ̀. Bàbá fi dàbínù mẹ́ta àti omi ṣínu. Ó kírun. Ó mú iná tọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìmọ́lẹ̀ náà gba ẹ̀yìn àgbò kọjá, ó dé ọrùn, ó dé orí. Ó dúró níbẹ̀. Òrí ń dán níbi ìdí ìwo.

"Ó dà bíi pé ó ti rẹ ẹran yìí."

"Oòrùn ni, sà."

Bàbá pa tọ́ọ̀ṣì.

Aago 8:50. Òjò dé. Ààrá sán ní ìhà Modákẹ́kẹ́. Ìyá àgbà gbé ojú sókè lórí ẹní. Oníṣàngó ni àwọn òbí rẹ̀ kí ẹ̀sìn Mùsùlùmí tó wọ ilé wọn. Àgbò ni wọ́n fi ń bọ Ṣàngó, àwọn àgbà sì máa ń gbọ́ igbe àgbò nínú ààrá. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, orí àgbò ni wọ́n ń gbẹ́ sí ojúbọ àwọn baba ńlá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ojú èèyàn lábẹ́ ìwo. Ìyá àgbà kò sọ ọ̀kankan nínú èyí. Ó ní, "Ẹ gbé ẹran yẹn wọ abẹ́ òrùlé."

Ọmọ náà sáré jáde. Omi ti fọ òrí kúrò. Ohun tó ń kán láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbò sílẹ̀ kì í ṣe omi nìkan.

Aago 11:40. Gbogbo ilé ti sùn. Ọmọ náà lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò. Ó tún bu òrí. Ó tún kùn ún. Ó ń ro 110,000 náírà. Ọ̀bẹ wà lórí àjà, nínú bébà ìwé ìròyìn.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 16. Aago 5:30 òwúrọ̀. Wọ́n pe ìrun Àsùbáà. Ìdí ìwo gbẹ. Aago 6:15, àgbò fi orí ra ara ògiri. Ìlà pupa náà padà.

Aago 9:40. Yídì kún. Aṣọ tuntun ń ṣe ṣàràṣàrà, kábárà ń lọ. Lémọ́ọ̀mù kírun tán, ó bọ́ sí wáàsí. Ó sọ ti Ànábì Ibrahim tó gbé ọ̀bẹ lé ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó sọ ti àgbò tí Ọlọ́run fi pààrọ̀ ọmọ náà. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìnlá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Òrí wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Aago 10:25. Lémọ́ọ̀mù dúńbú àgbò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìlànà Màlíkì nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀. Ìlànà kan náà ló fi àgbò ṣáájú màlúù nínú ẹran Iléyá. Àwọn èèyàn túká lọ sílé.

Aago 10:50. Ilé kejì. Wọ́n fa àgbò dúdú jáde. Awọ ara rẹ̀ ń dán. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kọrin yí i ká lánàá ni wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ mú. Wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ààfáà ní, "Bísímílà, Aláhù Akúbárù." Ẹ̀jẹ̀ wọ ihò. Ẹsẹ̀ tó funfun dé orúnkún tapá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́.

Aago 11:15. Ààfáà wọlé síbí. Ihò ti wà nílẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀. Omi ń hó lórí iná. Bàbá tú ọ̀bẹ kúrò nínú bébà. Ààfáà ní kí wọ́n fa àgbò rìn. Ó wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo ojú. Ó ṣí ètè, ó wo eyín. Ó di ìwo òsì mú. Ó di ìwo ọ̀tún mú.

Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Òrí ni, pẹ̀lú pupa nínú rẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti kàn?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀.

"Lánàá, sà. Ní pápá."

Ààfáà nu ọwọ́ rẹ̀ sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wà nínú Risala, ìwé tí Ibn Abi Zayd ará Kairouan kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ kéwú sì ń kà títí dòní. Ẹran tó yarọ gidi kò ṣe é fi ṣe Iléyá. Èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ kò ṣe é. Èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn kò ṣe é. Èyí tí ìwo rẹ̀ ṣẹ́ tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ kò ṣe é.

"Ẹ mú ọ̀bẹ kúrò níbẹ̀, Alùhájì."

Aago 11:22. Àgbò náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ihò, ó ń jẹ etí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Spain, èyí tó bá mọ ìjà jà ni wọ́n ń dá sí. Ní Ìlódè, ohun tó dúró fún ọmọ èèyàn gbọ́dọ̀ pé, bí ọmọ ṣe pé. Àgbò dúdú borí, ó jáde kúrò ní pápá láìlábùkù, ìyẹn ló gbé e dé etí ihò. Funfun sá, ìyẹn ló fà á kúrò níbẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ọmọ náà sì ti ń fi òrí bo ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀.

Aago 11:50. Bàbá pe oníṣòwò kan ní Sábó. Àgbò kékeré kan ló kù, ìwo rẹ̀ kò tíì ká. 165,000 náírà. Bàbá dákẹ́ sórí fóònù. Ó ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò nà án.

"Ìwọ náà ni wàá bọ́ èyí dé Iléyá tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ dé pápá mọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Iléyá tó tẹ̀lé e bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù, ọdún 2025. Nínú Risala kan náà, ìwo tó ṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ kò ba ẹran jẹ́.