Àwọ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ ní Festac Town

Àwọ̀ ara ló dá Festac Town sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú láti igun ayé gbogbo péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tí a ń pè ní FESTAC '77. Ó di ọjọ́ 12 oṣù Kejì kí wọ́n tó tú ká. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ ilé rẹpẹtẹ sórí ilẹ̀ Àwórì ní Amúwo kí àwọn àlejò lè rí ibi dé sí. Ará Brazil wà níbẹ̀, ará Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà náà kò gbẹ́yìn. Gilberto Gil, olórin ọmọ Bahia, wà lára àwọn tó dé síbẹ̀. Àwọn ilé ọ̀hún jọ èyí tí wọ́n ń kọ́ fún mẹ̀kúnnù lọ́dọ̀ tiwọn ní Brazil débi pé ibẹ̀ ni èrò àwo orin rẹ̀, Refavela, ti sọ sí i lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kí àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti dé lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Senegal, lábẹ́ Ààrẹ Léopold Sédar Senghor, fẹ́ kí àwọn Lárúbáwá ìhà àríwá Áfíríkà kàn jókòó wòran níbi àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé. Nàìjíríà kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọmọ Áfíríkà kan kò ju èkejì lọ. Lójú tèmi, Nàìjíríà ló jàre. Bí àwọ̀ nìkan bá ni ẹ̀rí ìbátan, a ó máa ya ọmọ ìyá méjì nípá nínú ilé kan náà, nítorí pé ọ̀kan pupa, èkejì dúdú.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba fi ìbò pín àwọn ilé náà fún ọmọ Nàìjíríà. Yorùbá, Igbo, Ẹ̀dó àti Urhobo wá ń gbé ojúlé sí ojúlé. Àwọn ọmọ wọn jọ dàgbà, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Láyé àtijọ́, alárinà ló máa ń wádìí ìdílé kí á tó gbà fún ọkọ tàbí ìyàwó: ṣé kò sí wárápá níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé wèrè kì í ṣe wọ́n? Ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin òde òní, bébà kékeré kan láti yàrá àyẹ̀wò ti gba iṣẹ́ alárinà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni kò ní so tọkọtaya pọ̀ láìrí i. Jẹ́nótáìpù ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn jogún: lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó ní kíńkín sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá fi iná mànàmáná sí i. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A á sáré ṣíwájú, S á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, C á sì wọ́ kẹ́yìn pátápátá. Ilà kan péré ni AA máa ń fà. AS á fa méjì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣi orúkọ kọ sára ìgò, AS lè di AA lórí bébà. Ìgbéyàwó ti dúró lórí irú bébà bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ ló sì tú àṣírí.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ara wọn sábà máa ń le koko, S yẹn kì í sì sábà kó àìsàn bá wọn. Kódà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì A. C. Allison fi hàn ní 1954 pé S kan ṣoṣo yẹn ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn, ìdí sì nìyẹn tó fi gbilẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí àbàtà àti ẹ̀fọn ti pọ̀. Wàhálà dé nígbà tí S bá pàdé S. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á há sí òpó ẹ̀jẹ̀, egungun á sì máa ro olówó rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fọ́ ọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà.

Àwọn AS méjì tó fẹ́ra sábà máa ń ṣi ìṣirò kan ṣe: wọ́n á ní ọmọ kan nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS, a ti bí ọ̀kan, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń da obì tirẹ̀, obì òní kò sì mọ bí tàná ṣe yàn.

Ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé àìsàn yìí wà lára ohun tó wà nídìí àbíkú, tí aládùúgbò wa Igbo ń pè ní ọgbanje. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́: ẹ̀bẹ̀ òbí ni orúkọ àbíkú wọ̀nyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ náà ni wọ́n ń dá lẹ́bi, tí wọ́n ń sàmì sí lára, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti jogún rẹ̀.

Bákan náà ni ti àfín. Òbí dúdú méjì lè gbé àjogún náà sára láìmọ̀, síbẹ̀ ìyá ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn àgbèrè kàn. Yorùbá ń pe àfín ní ẹni òòṣà, ọmọ Ọbàtálá. Ohun tó nílò ni fìlà, aṣọ alápá gígùn àti ìbòòji, nítorí oòrùn ń fa jẹjẹrẹ sí awọ rẹ̀. Nílùú kan náà tí àwọ̀ dúdú ti gba àlejò ayé lálejò, àwọn kan tí a bí ní dúdú ń fi ìpara bó tiwọn, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn sọ awọ wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ní ti ẹ̀yin tó fẹ́ fẹ́ra yín, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìfẹ́ tó wọra. Ilé iṣẹ́ Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀ ní 1994, wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó fún ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ràn. Ẹ má sì sá fún ẹni tó jẹ́ SS. Bí ó bá fẹ́ AA, AS ni gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́. Ìkankan nínú wọn kò ní ní fòníkú-fọ̀ladìde.